Àwọn Àlàfo Ojú Ìwé Kẹta

Èmi àti Àlájà tó ń tẹ iṣẹ́ wa kò fẹ́ràn ara wa. Mo fẹ́ kí ìyẹn yé yín ná, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìfẹ́ ló mú mi dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹnu obìnrin náà mú. Tí mo bá gbé ìròyìn tí mo fọwọ́ kọ dé iwájú rẹ̀, ìka kan ló máa fi tì í, bí ẹni ń ti ẹja tó ti jẹrà.

"Akọ̀ròyìn, ṣé adìyẹ ló bá ọ kọ eléyìí?"

Èmi náà á ní kí ó fi adìyẹ sílẹ̀, kí ó tẹ ohun tó rí.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí Pósítọ́fíìsì ni ọ́fíìsì wa wà. Ìwé ìròyìn kékeré ni, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń jáde. Ní àárín àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ra kọ̀ǹpútà fún wa, tí wọ́n kó àwọn táípìráítà sábẹ́ àtẹ̀gùn. Ìgbà náà ni àlàfo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú ìwé kẹta, ojú ìwé tèmi. Gbólóhùn á máa lọ geere, á dédé já, ààyè funfun á là sí àárín rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tó tún máa bá a lọ. Àwọn awakọ̀ ní Ọ̀fà Garage, níbi tí a ti ń tà jù, sọ wá lórúkọ. "Fún mi ní Akáyín kan," ni wọ́n máa ń wí fún ẹni tó ń bá wa tà á.

Ọ̀rọ̀ náà kò pa Ẹ̀dítọ̀ wa lẹ́rìn-ín. Ó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí láti ayé ìgbà tí wọ́n ń fi abẹ gé ọ̀rọ̀ tí a ti tẹ̀, tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó kí ó tó lọ sílé ìtẹ̀wé. Tí Àlájà bá ti tẹ iṣẹ́ tán, Ẹ̀dítọ̀ fúnra rẹ̀ ló máa ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà láti yẹ̀ ẹ́ wò.

"Àlájà ń fo ọ̀rọ̀," ló sọ níwájú gbogbo wa ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan. "Ojú rẹ̀ ti ṣú. Tí àlàfo bá tún yọ lọ́sẹ̀ yìí, kí ó kó ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀."

Àlájà dìde. "Ojú tèmi? Ojú tí mo fi ṣiṣẹ́ fún kọmíṣọ́nnà ní sẹkitéríàtì? Wàláí, n kò fo ọ̀rọ̀ rí. Ẹ̀rọ yín yìí ló ń jẹ ọ̀rọ̀."

"Àlájà, kọ̀ǹpútà kì í jẹ ọ̀rọ̀," ni ọkùnrin tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ náà wí. Polí ló ti kọ́ ọ, kì í sì í bọ́ táì, bí oòrùn ṣe wù kó mú tó.

"Ìwọ mẹ́nu kúrò níbẹ̀. Táì ọrùn ẹ ni kó o lọ bá sọ̀rọ̀."

Ó ń bí èmi náà nínú, ṣùgbọ́n ohun tó ń bí mi yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń sọnù kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, mo lọ sí àdúgbò kan tí ẹ̀rọ omi wọn ti gbẹ. Alága ìjọba ìbílẹ̀ ní omi ń bọ̀. Ìyá àgbà kan tó jókòó ti kẹ́ẹ̀gì òfìfo dá a lóhùn lójú mi: "Omi tó ń bọ̀ láti ọdún tó kọjá, ṣé láti Mẹ́kà ló ti ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ ni?" Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Nígbà tí ìwé jáde, àlàfo ló wà níbi tí ìyá náà ti sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ṣèèṣì fo ọ̀rọ̀ kì í máa fo ibi tó dùn jù nìkan. Mo bi Àlájà léèrè.

"Mo tẹ̀ ẹ́," ló sọ. "Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín."

Èmi kò tíì rí i kí ó rẹ́rìn-ín sí iṣẹ́ mi rí. Mo gbà á gbọ́.

Mo kọjú sí ọkùnrin oní-táì. Mo ní, ṣé a lè rí ohun tó wà nínú àlàfo yẹn?

"Àlàfo ni. Kí ló fẹ́ wà nínú ẹ̀?" Síbẹ̀ ó fa àga, ó gbé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá wá sójú ẹ̀rọ, ó ṣí ibi tí wọ́n ti ń ṣètò bí ìwé ṣe máa hàn, ó sì tẹ nǹkan kan níbẹ̀. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àmì kéékèèké bo gbogbo ojú ìwé náà.

"Súbúánàláì!" ni Àlájà ké. "Ta ló da èèrà sínú iṣẹ́ mi?"

Ọkùnrin náà ṣàlàyé. Gbogbo ibi tí èèyàn bá ti fi ààyè sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ á fi tóótó kan, àmì róbótó bíńtín, síbẹ̀. Tó bá jẹ́ bọ́tìnnì táàbù ló tẹ̀, èyí tó máa ń fò lọ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ á fi ọfà síbẹ̀.

Tóótó ló kún iṣẹ́ Àlájà. Níbi tí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n tò bí ìlẹ̀kẹ̀. Kò yà wá lẹ́nu. Táàbù táípìráítà tó lò ní sẹkitéríàtì ti kú kí wọ́n tó gbé e fún un, kò sì sí ẹni tó tún un ṣe; ààyè ló máa ń tẹ̀ léraléra dípò rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ìró ìka rẹ̀ tí ìpínrọ̀ tuntun bá ń bẹ̀rẹ̀: kò-kò-kò-kò. Ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ ìyá àgbà wà, ọfà ni. Gbogbo ibi tí àlàfo ti yọ lójú ìwé kẹta, ọfà ló wà níbẹ̀.

"Àlájà," ni ọkùnrin náà wí, "ẹ fi táàbù hàn mí."

Ó wo kíbọ́ọ̀dù lọ, ó wò ó bọ̀. "Èwo ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú wọn?" Nígbà náà ló wá gbójú sókè. "Ta ló tún ń jókòó síbí lẹ́yìn mi?"

Gbogbo wa wo Ẹ̀dítọ̀. Kò sẹ́.

"Èèyàn tó bá gé ọ̀rọ̀ kúrò lójú pátákó gbọ́dọ̀ dí ààyè rẹ̀, kí ìyókù má baà sún," ló sọ. "Bí wọ́n ṣe kọ́ mi níṣẹ́ nìyẹn." Ohun tó ń ṣe náà nìyẹn. Tó bá pa ọ̀rọ̀ rẹ́, á fi táàbù ti ìyókù padà sáyè wọn. Lójú ẹ̀rọ, kò sí ohun tó sún. Ìgbà tí wọ́n bá dà á sínú òpó tóóró tí à ń fi to ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn ni ihò á là. "Mo sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gé e. Alága yẹn ń fún wa ní ìpolówó."

"Ẹ lẹ́tọ̀ọ́, sà," ni mo wí. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ní Àlájà ló fò ó?"

"Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀?"

Àlájà ti dé àárín wa. "Ẹ máa gé ọ̀rọ̀ yín, kò kàn mí. Aṣọ mi ni kẹ́ ẹ má fi nu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀."

Ẹ̀dítọ̀ nawọ́ sí ẹ̀rọ. "Pa àwọn kòkòrò yẹn rẹ́."

Ọkùnrin oní-táì nawọ́, ṣùgbọ́n Àlájà ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé kíbọ́ọ̀dù. "Ẹ má fọwọ́ kàn án. Èèrà mi ni. Ibẹ̀ ni wọ́n máa wà."

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Àlájà gbé fúláàsì àti ẹní ìkírun rẹ̀ dé, ó jókòó, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè ẹrù kankan. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo gbé iṣẹ́ dé iwájú rẹ̀, ó nàka tì í. "Akọ̀ròyìn, adìyẹ yẹn ò tíì kú?"

Àwọn èèrà náà wà lójú ẹ̀rọ rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ẹ̀dítọ̀ ṣì ń jókòó síbẹ̀. Bó bá tẹ táàbù, ọfà á yọ sí i lójú. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ pé tí èèyàn bá gé ọ̀rọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ìyókù á sún padé fúnra wọn, kò sí ohun tí à ń dí.

Ní Ọ̀fà Garage, awakọ̀ kan na ìwé ìròyìn wa sí mi. "Ẹ ti ra eyín fún un. Ó ti wá mọ́."

Mo béèrè bóyá ó ka ọ̀rọ̀ omi tí mo tún padà lọ wádìí lẹ́nu àwọn ará àdúgbò.

"Mo kà á. Alága ní omi ń bọ̀."

"Kò tán síbẹ̀. Kí ni àwọn ará àdúgbò sọ?"

Ó yẹ ojú ìwé kẹta wò lókè nísàlẹ̀. Ó mọ́ tónítóní, kò sí àlàfo kankan.

"Wọn ò sọ nǹkan kan," ló dá mi lóhùn.