Ẹnu Mobọ́lá Nídìí Ṣẹ́ẹ̀sì

Kò sí ẹni tó ń ta páàtì ọkọ̀ nítòsí ṣọ́ọ̀bù Mobọ́lá ní Ládìpọ̀ tí kò mọ ohùn rẹ̀. Iná iwájú ọkọ̀ àti dígí ẹ̀gbẹ́ ló ń tà, ṣùgbọ́n kí oníbàárà tó rí dígí, yóò ti gbọ́ Mobọ́lá. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá. Mushin ni wọ́n bí òun sí, Mushin náà ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fèsì kí ẹni tó ń búni tó bú u tán. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, èmi ò sì lè bá Ọlọ́run jà.

Ọkọ rẹ̀, Taoheed, olùkọ́ ilé kéwú ní Pápá Àjàó, jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́. Òun ló kọ́ ọ ní ṣẹ́ẹ̀sì lọ́dún tí wọ́n fẹ́ra, bóyá kí ilé lè dákẹ́ díẹ̀. Òun náà ló sọ ìtàn eré náà fún un: pé Íńdíà ló ti ṣẹ̀, àwọn ará Páṣíà gbà á, àwọn Lárúbáwá tún gbà á lọ́wọ́ wọn, kó tó dé ọ̀dọ̀ òyìnbó. Ó ní láyé ìgbà yẹn, kò sí ayaba lórí ọpọ́n rárá. Ọkùnrin kan tó jẹ́ agbani-nímọ̀ràn ọba ló dúró síbẹ̀, ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo ló sì lè gbé lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tí àwọn òyìnbó sọ ọ́ di obìnrin ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, títí ó fi ń rìn láti ìpẹ̀kun ọpọ́n dé ìpẹ̀kun kejì.

Taoheed ò mọ̀ pé epo lòun ń dà síná. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọkùnrin tó jókòó síwájú Mobọ́lá tí kò gbọ́ ìtàn yẹn. Iwájú ṣọ́ọ̀bù Kọ́lápọ̀, tó ń ta ẹnjíìnì tòkunbọ̀, ni òun àti àwọn ọlọ́jà yòókù ti máa ń ta ṣẹ́ẹ̀sì tí ọjà bá dá. Bí wọ́n ṣe ń ta ayò nílé baba wọn náà ni wọ́n ṣe ń ta ṣẹ́ẹ̀sì: ọ̀ta gbọ́dọ̀ fi ọ̀pẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, eré ò dùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wò mí, ọpọ́n ni kẹ́ ẹ wò," ni Mobọ́lá á wí. "Nígbà tó jẹ́ ọkùnrin, ẹsẹ̀ kan ló ń gbé! Ó ti di obìnrin báyìí, ó ń bọ̀ o! Ẹṣin yín tó wà lọ́hùn-ún yẹn, ẹ máa pè é ní sùyà!"

Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹṣin a máa di sùyà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí Kọ́lápọ̀ bá fìdí rẹmi, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ fún gbogbo èrò: "Ẹnu ló fi ń jẹ. Ẹ bá mi dí i lẹ́nu, ewúrẹ́ á nà án!" Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, Mobọ́lá náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún dé egungun. Ó fẹ́ kí wọ́n gbà, lẹ́ẹ̀kan péré, pé òun ní orí.

Nígbà tí ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì kan ní Surulere kéde ìdíje fún tẹrútọmọ, Kọ́lápọ̀ fò sókè. "Wọn kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀ o! Ibẹ̀ gan-an la ti máa mọ̀." Mobọ́lá ní òun ń lọ. Ìdajì Ládìpọ̀ tẹ̀ lé wọn, títí kan Taoheed.

Gbọ̀ngàn náà pa lọ́lọ́. Mobọ́lá ò tíì jókòó pẹ́ tí ẹnu rẹ̀ fi já: "Ó ń bọ̀ o!" Rẹfirí, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àmínát, rìn wá. "Mọ́mì, ìkìlọ̀ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá tún sọ̀rọ̀ lónìí, ẹ ti pàdánù." Ni Mobọ́lá bá fi eyín di etí ìborùn rẹ̀ mú ṣinṣin. Báyìí ló ṣe na ẹni tibí, tó na ẹni tọ̀hún, títí tó fi ku òun àti Kọ́lápọ̀, ẹni tí òun náà kì í ṣe ọ̀pẹ̀.

Kọ́lápọ̀ jókòó pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ̀rín náà ò pẹ́ tó fi gbẹ. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, tí òun gan-an ò mọ̀, ni pé láti ọjọ́ yìí wá, ẹnu Mobọ́lá ló ń sọ ibi tí ewu ti ń bọ̀ fún un. Tó bá ti gbọ́ sùyà, á yáa gbé ẹṣin rẹ̀ sá. Báyìí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wojú obìnrin náà, ìborùn ló rí. Ó wo ọpọ́n, gbogbo ọpọ́n ló dà bí ewu.

"Mobọ́lá, sọ̀rọ̀ nù!" Ó bú jáde. "Kí lò ń rò?"

Àmínát fún òun náà ní ìkìlọ̀. Mobọ́lá rọra ti ayaba rẹ̀ dé ìpẹ̀kun ọpọ́n.

"Yéè! Níbo lèyí ń lọ?"

Àmínát dá aago dúró. "Dádì, ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn. Mọ́mì ló borí."

Mobọ́lá wo àwọn ará Ládìpọ̀. Tó bá parí báyìí, títí tí òun á fi kú ni wọ́n á máa wí ní Ládìpọ̀ pé ẹnu náà ló tún fi jẹ, àfi pé ẹnu ẹlòmíì ni lọ́tẹ̀ yìí. Ó fa ìborùn yọ. "Rárá o! Mi ò gbà! Ẹ jẹ́ ká ta á tán! Orí ni mo fẹ́ fi pa wọ́n!"

Àmínát wò ó tàánútàánú. "Mọ́mì, mi ò tíì kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin náà ti sọ̀rọ̀."

Bí àwọn méjèèjì ṣe pàdánù nìyẹn. Akọ̀wé báńkì kan láti Yaba, tó gba ipò kẹta, tó ti wà níta tó ń jẹ mítípáì, ni wọ́n lọ pè wá gba ife ẹ̀yẹ.

Kọ́lápọ̀ ì bá máa lọ sílé. Ta ló nà án? Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ fún ọkùnrin náà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Níta, ó gba ọpọ́n lọ́wọ́ ará Ládìpọ̀ kan tó gbé e wá, ó tẹ́ ẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, ó sì to ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ibi tí wọ́n fi í sí nínú gbọ̀ngàn. "Èmi ló kàn," ló wí, ó sì gbé ọba rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Kò sí ẹni tó ní kí Mobọ́lá má sọ̀rọ̀ mọ́. Síbẹ̀, ó dá ìborùn padà sẹ́nu, ó sì gbé ẹṣin síwájú. Kọ́lápọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ọ̀nà. Ó da ọba rẹ̀ dùbúlẹ̀ lórí ọpọ́n, ìyẹn ni pé wọ́n ti nà án, ó sì kọjú sí àwọn èrò.

"Ẹ gbọ́ o. Irọ́ ni mo ń pa mọ́ obìnrin yìí. Orí ló fi ń ta á. Ẹnu yẹn, èmi ló ń ràn lọ́wọ́."

Gbogbo wọn yíjú sí Mobọ́lá, wọ́n ń retí èébú tó máa rọ̀jò lé ọkùnrin náà lórí. Ó yọ ìborùn. Ó la ẹnu. Omijé ló jáde. Taoheed, tí kò rí irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ń bi í léraléra bóyá ara rẹ̀ ò yá.