Ọfà Tí Mo Yà Sódì

Ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́ mi jẹ láyé yìí ni Alàájì tó jẹ́ olórí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo ti kọ́ni ní físíìsì ní Ṣakí. Àwọn mìíràn ti rẹ́ mi jẹ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló la ọ̀nà fún wọn.

Nígbà yẹn, àwòrán inú ìwé òyìnbó kò yé àwọn ọmọ wa. Ọmọdé tó ń yọ̀ lórí yìnyín ló wà níbẹ̀. Ta ló rí yìnyín rí ní Òkè-Ògùn? Mo ya tiwa: àpò àgbàdo lórí pákó tí wọ́n gbé ti ẹ̀yìn lọ́rì. Orí bébà sítẹ́ńsù tí wọ́n fi ìda bò, èyí tí wọ́n fi ń tẹ ìdánwò, ni mo ń yà á sí, ohun ìkọ̀wé onírin ni mo fi ń ha á. Bí ọwọ́ bá ṣì lórí bébà yẹn, kò ṣeé pa rẹ́.

Lọ́dún àkọ́kọ́, àpò náà ń yọ̀ bọ̀ wá sílẹ̀ láti inú lọ́rì. Fíríkṣọ̀n, ìyẹn agbára tó ń dá ohun tó ń yọ̀ lọ dúró, máa ń kọjú sí òdìkejì ibi tí ẹrù ń lọ. Nítorí náà, ọfà tí mo fi tọ́ka rẹ̀ kọjú sókè. Lọ́dún kejì, mo fẹ́ kí àpò náà máa gòkè. Mo gbé àwòrán àtijọ́ sábẹ́ bébà tuntun, mo tẹ̀ lé ìlà rẹ̀, mo fi okùn kún un. Mo gbàgbé láti yí ọfà fíríkṣọ̀n padà. Ó ṣì kọjú sókè, bí ẹni pé pákó ń bá okùn fa ẹrù.

Alàájì gba gbogbo àwòrán mi, ó ní òun fẹ́ kó wọn pamọ́ sí ọ́fíìsì. Kò pẹ́ tí ìwé kan jáde, orúkọ Alàájì ló wà lẹ́yìn ìwé náà. Àwòrán mi ló kún inú rẹ̀. Kódà kókó méjì tí mo máa ń ta sí ìdí okùn wà níbẹ̀. Ibi tí mo ti ń wá ohun tí n óò fi mú un ni mo ti rí ọfà náà. Àṣìṣe mi ni ẹ̀rí mi. Bí mo bá fi han aráyé, mo di tíṣà tó kọ́ ọmọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Mo panu mọ́. Àwọn ọmọ ń ya ọfà yẹn nínú ìdánwò, èmi náà ni mo ń fa ìlà pupa sí i.

Mo ti fẹ̀yìn tì sí Ìsẹ́yìn báyìí. Ọmọ mi obìnrin gbé kọ̀ǹpútà wá fún mi, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi kóòdù yàwòrán. Èèyàn kì í fa ìlà. Yóò kọ ọ́ sílẹ̀ ni: pákó láti ibí dé ibẹ̀, igun rẹ̀ ọgbọ̀n dígírì, àpò lórí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á tò ó sójú ìwé. Bí mo bá yí ọgbọ̀n sí ogójì, pákó á gbéra, àpò á tẹ̀ lé e, gbogbo ọfà á bá wọn lọ.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi jókòó tì í.

Ọmọ mi ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí ojú yín sinmi. Ìdánwò wo lẹ tún fẹ́ ṣe?"

Mo ní, "Àtijọ́ kan ló kù."

Níbẹ̀rẹ̀ kóòdù náà ni mo kọ ìlà kan sí: ẹrù ń gòkè, tàbí ẹrù ń sọ̀ kalẹ̀. Bí èèyàn bá yí ìlà yẹn, ọfà fíríkṣọ̀n á yí fúnra rẹ̀. Tíṣà kankan ò lè gbàgbé mọ́.

Àwọn tíṣà ní Kíṣí àti Ìlerò gbọ́ nípa rẹ̀, wọ́n sì ń bẹ̀ mí pé kí n fi ránṣẹ́, kí àwọn lè yí àpò sí ohun tó bá wù wọ́n. N kò fi ránṣẹ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá lè yí, ẹnikẹ́ni lè forúkọ sí i. Mo fẹ́ kí Alàájì kọ́kọ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé èmi ni mo ya ti àkọ́kọ́, kí ọ̀kan nínú wa tó kú.

Mo wọkọ̀ lọ sí Ṣakí nínú ọyẹ́. Mo bá a níta ilé rẹ̀ lórí àga, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú kan ló kù tó fi ń ríran.

Ó ní, "Ìyá Físíìsì, o ò tíì kú?"

"Mo ń dúró dè yín ni, Alàájì."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo ṣí ìwé rẹ̀ síwájú rẹ̀, mo tẹ́ bébà àwòrán tí mo tẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ta ló ya eléyìí?"

"Orúkọ ta lo rí lẹ́yìn rẹ̀?"

"Orúkọ yín. Ọwọ́ ta ni mo bi yín."

Ó gbé ìwé náà súnmọ́ ojú tó kù fún un. Ó wo bébà mi, ó tún padà sí ìwé. Èékánná rẹ̀ ń rìn lórí pákó títí ó fi dé ibi ọfà tó kọjú sókè, ó sì dúró níbẹ̀. N kò sọ nípa ọfà yẹn fún ẹ̀dá alààyè kankan rí.

"O rò pé n ò mọ̀ pé ọfà yìí ò tọ̀nà?" ó ní. "Ọjọ́ tí mo gbà á lọ́wọ́ rẹ ni mo ti rí i. Ṣùgbọ́n mo fi í sílẹ̀ bí ọwọ́ rẹ ṣe yà á; bí mo bá tún un ṣe, ó ti di tèmi nìyẹn."