Orin Tí Mo Yí Ohùn Rẹ̀ Padà

Ìyá Délé, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí, nínú ilé ìdáná tó ń rùn fún kẹrosíìnì àti ọbẹ̀ tó ń jóná, nílé tí ìdílé wa méjèèjì ti háyà yàrá ní Ṣógúnlé. Oyún oṣù mẹ́fà ṣẹ̀ṣẹ̀ wálẹ̀ lára mi ni. Ọjọ́ kẹta rẹ̀, mo jókòó sórí àpótí, omi ń dà lójú mi, mi ò mọ̀ pé ọbẹ̀ tí mo gbé kaná ti ń jóná lọ. Ó wọlé, ó pa iná sítóòfù, ó ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Gbogbo ayé ló ń fi èyí tu irú wa nínú, ǹ bá sì gbà á. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé, "Nu omi ẹ nílẹ̀, Tíṣà, ká ríbi dáná." Àwọn ayálégbé tó wà lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Mo di arúgbó tán, mi ò tíì dárí ẹ̀rín yẹn jì í.

Ìwọ náà rántí ìgbà yẹn tí owó epo rọ̀bì kún ìlú. Ohun tó bá bàjẹ́, wọn kì í tún un ṣe. Òmíràn ni wọ́n ń rà. Ọkọ mi gbé fáànù tuntun wálé lọ́sẹ̀ tí mo ti ọsibítù dé, ó ní kí ooru má pa mí. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ oyún mi náà nìyẹn: òmíràn ń bọ̀. Ìyá ọkọ mi ránṣẹ́ láti Èkìtì pé n kò gbọdọ̀ sunkún, pé ẹni tó bá ń sunkún èyí tó lọ, èyí tó ń bọ̀ á yà sílé ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni mí ní Ìsọlọ̀, èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ lórin. Kò sẹ́ni tó lè ní kí n má kọrin. Torí náà, mo fi orin sunkún. Ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń ṣètò ẹ̀kọ́ ni mo kọ ọ́ sí, bí mo ṣe ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti Apákùn, tí mo ń dúró lẹ́bàá àwọn tó ń ta ọsàn kí n lè fi bírò kọ ọ̀rọ̀ tó bá wá:

*Omi àárọ̀, omi alẹ́,*
*Ó gbé ọmọ mi lọ kí n tó sọ ọ́ lórúkọ.*

Bí mo bá kọ ọ́ tán, àyà mi á fúyẹ́, n óò lè jẹun. Ì bá dára ká ní mo fi mọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ pé dò, re, mí ni ohùn Yorùbá, àti pé orin tí kò bá tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ á sọ ohun tí olórin kò ní lọ́kàn. Mí ni "Ó" tó bẹ̀rẹ̀ ìlà kejì. Omi ni mo ń bá wí. Lọ́jọ́ kan tí mò ń fọṣọ, tí Ìyá Délé ń ṣa ẹ̀wà níwájú mi, mo fa ohùn yẹn wálẹ̀ sí re. Gbọ́ ọ wò: "O gbé ọmọ mi lọ." Ìwọ lo gbé e. Mo sì wò ó lójú bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ó dùn mọ́ mi nínú, mi ò ní purọ́. Mo tún un kọ lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ ilé sì gbé e bẹ́ẹ̀; Délé, ọmọ tirẹ̀ gan-an, ló ń léwájú wọn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn ayálégbé fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ wọn kúrò nídìí abọ́ rẹ̀. Aboyún kan tó wà ní yàrá ẹ̀yìn kò kí i mọ́. Bí Ìyá Délé bá ń bọ̀, aboyún náà á fi ìborùn bo ikùn. Kò sẹ́ni tó pè é ní àjẹ́. Orin mi ti pè é. Ó wá bá mi nídìí ẹ̀rọ omi.

"Tíṣà, èmi lò ń fi orin yẹn bá wí?"

"Háà, Ìyá Délé! 'Ó' ni mo pè. Ẹ ò gbọ́ ohùn ni."

"Mi ò kàwé o, ṣùgbọ́n mi ò dití."

"Ẹ̀kọ́ orin ni, mà. Kò lè yé yín."

Ó gbé korobá rẹ̀, ó lọ. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti kó lọ sí ẹ̀bá ọjà Aswani, ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sì jọ jẹun mọ́. Yàrá wọn bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo tẹ́ ọmọ tí mo bí lẹ́yìn náà sí. N kò lè fi orin yẹn sunkún mọ́: bí mo bá ní kí n gbé e sí mí, re ni ọ̀fun mi ń mú. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní fún ọmọ mi tó lọ, mo ti fi na ẹlòmíràn.

Ọmọ tí mo bí ti ń rìn kí n tó lọ bá Ìyá Délé ní Aswani. Ó ń ká ankárá lórí tábìlì nínú ọjà. Mo kúnlẹ̀ láàárín àwọn oníbàárà, mo ní mo mọ̀ọ́mọ̀ ni, re ni mo kọ. Èébú ni mo ń retí. Èébú ìbá sàn fún mi, torí ǹ bá rí tèmi náà sọ nípa ilé ìdáná yẹn. Kò bú mi. Mo ti máa ń rò pé ìbànújẹ́ ń sọ èèyàn di aláàánú. Kò sọ mí di bẹ́ẹ̀, ibi tó rọ̀ lára ẹlòmíràn ló mú mi wá bù jẹ. Ìyá Délé ká aṣọ ọwọ́ rẹ̀ tán, ó ní, "Dìde. Oyún mẹ́ta ló wálẹ̀ lára mi kí n tó bí Délé. Ká ní mo mọ orin dá ni, Tíṣà, èmi náà ìbá ti rẹ́ni di ẹrù tèmi rù."