Ọmọ Mi Ti Yege

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí kò yege. Iléèwé àwọn olùkọ́ tó wà ní Ọ̀yọ́ ló ń fojú sí, wọn kì í sì í gba ẹni tí kò ní Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó fẹ́ ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Bàbá wa sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé bí èyí náà bá bọ́, kó lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi yìí kò lè ki okùn bọ ojú abẹ́rẹ́ kó má ṣépè.

Èmi ni mo ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ ìṣe, bí a bá jókòó sí ìsọ̀ àlùbọ́sà Màmá ní Ọjà Igbó, l'Ógbómọ̀ṣọ́. "Go?" Á ní, "Went, gone." "Cut?" "Cut, cut." Inú rẹ̀ á dùn. Ó ní ọmọ Yorùbá ni cut, put àti shut, pé bí wọ́n ṣe jí ni wọ́n ṣe ń sùn. Èwo wá ni ti teach tó di taught, tí preach kò sì di praught? Mo ní kó lọ bi àwọn tó ni ín. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ní "bring," "brang" ló máa ń kọ́kọ́ jáde, inú á sì bí mi burúkú, torí ẹ̀rù ń bà mí fún un.

Màmá ní tiwọn, ọmọ ìjọ Aládùúrà pọ́ńbélé ni wọ́n. Ní ìdájí, a máa ń gbọ́ wọn lórí àdúrà: "Bàbá, a dúpẹ́. Ọmọ mi ti yege." Ìdánwò tí a kò tíì ṣe o! Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ní mo máa yege. 'Ti' yẹn kò tíì kàn. Bí mo bá kọ irú ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á fàlà sí i."

"Gẹ̀ẹ́sì ló ń dààmú rẹ," Màmá fèsì. "Ìgbàgbọ́ ò mọ 'máa'. Ó ti ṣẹ ni."

Wọn kò dúró síbẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé ìdánwò náà, Màmá jó lọ síwájú pẹpẹ, wọ́n ṣe ìdúpẹ́ àṣeyọrí lójú gbogbo ìjọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, ó ń wolẹ̀.

Nígbà tí èsì jáde, àwa méjèèjì la wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, níbi tó ti ṣe ìdánwò. Wọ́n ti lẹ èsì mọ́ ara ògiri. Ó yege nínú Ìmọ̀ Bíbélì, ó yege nínú Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tún já a kulẹ̀. Kò sunkún. Ó ra gúgúrú, ó sì ń jẹ ẹ́ títí a fi dé Ògbómọ̀ṣọ́. Gúgúrú yẹn dùn mí ju èsì náà lọ.

Bí a ṣe dé ìsọ̀, ó kúnlẹ̀. "Màmá, mo fèèlì." Màmá ń ṣa àlùbọ́sà, wọn kò dáwọ́ dúró. Wọ́n ní kó dìde, kó lọ jẹun. Nílé, Bàbá ò pariwo rárá. Wọ́n kàn ní àwọn ti bá aránṣọ kan sọ̀rọ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, àwa méjèèjì ti jí, a dùbúlẹ̀ sórí ẹní, à ń retí àdúrà Màmá. Ohùn wọn kò ròkè bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Bàbá," wọ́n ní, "bó bá wù Ọ́, kí ọmọ mi yege lọ́jọ́ kan."

Gbólóhùn náà péye, kò sí 'ti' níbẹ̀ mọ́, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ náà ni. Ó fa aṣọ borí, ó bú sẹ́kún.