Ìbọn Mẹ́ta Thurlow Haskett

Thurlow Haskett, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tí wọ́n sun òkú rẹ̀ ní oṣù tó kọjá, ti wọ inú ọ̀kan nínú àwọn ìbọn rẹ̀ báyìí, kò sì tíì jáde. Ṣùgbọ́n ní Harl Branch, láàárín àwọn òkè Kentucky, kò sí ẹni tí í sọ ti ikú rẹ̀ láìkọ́kọ́ sọ ti ọ̀pá.

Ìdíje ẹgbẹ́ àwọn oníṣakabùlà ni. Ìbọn mẹ́ta ni Thurlow ní: ṣakabùlà gígùn tí bàbá rẹ̀ àgbà fi sílẹ̀, ìléwọ́ oníhò mẹ́fà tó ń lo ètù dúdú, àti ṣakabùlà kúkúrú tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò pọ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì wọ́ díẹ̀. Ó ń ki ìbọn gígùn, ojú rẹ̀ wà lára kúkúrú, bóyá òun ni ì bá tilẹ̀ lò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbàgbé ọ̀pá ìkìbọn sínú ìbọn. Ó yìn ín. Ọ̀pá fò, ó gún pátákó ní àárín gbùngbùn.

“Ọ̀pá lo yìn, Thurlow,” ni Delmas Crisp, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń darí ìdíje, wí.

“Ibo ló bà?”

“Àárín ni, ṣùgbọ́n...”

“Kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ó ki ọta láìda ètù sí i. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wọn ni yóò fi bọ́ọ̀lù onígi kan kọ́ ọrùn títí ẹlòmíràn yóò fi ṣe irú rẹ̀. Thurlow fi kọ́rùn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò kan fi rò pé òun ni olórí ẹgbẹ́.

Ohun tó ń dà á láàmú ni pé kò mọ èyí tó fẹ́ràn jù nínú ìbọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nídìí oúnjẹ àárọ̀, gígùn ni. Kí kọfí tó tutù, ó ti di ìléwọ́.

“Ọ̀sẹ̀ méjì péré lo fi yàn mí,” ni Ivalee ìyàwó rẹ̀ wí fún un lọ́jọ́ kan. “Ìbọn wá ń gbà ọ́ ní ogójì ọdún?”

“Ìwọ nìkan lo wá. Ká ní ẹ jẹ́ mẹ́ta ni, a ṣì máa wà lórí ẹ̀.”

Àṣà ẹgbẹ́ náà ni pé bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, wọ́n á bu ṣíbí kan nínú eérú rẹ̀ mọ́ ètù, wọ́n á fi ìbọn tó fẹ́ràn jù yìn ín sórí odò. Ivalee ṣèlérí fún un lórí ibùsùn àìsàn pé wọn yóò ṣe é.

“Èwo nínú wọn?” ni ó bi í.

“Jẹ́ kí n rò ó ná,” ni Thurlow wí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ìkẹyìn nìyẹn.

Etídò, níbi tí wọ́n gbé ìkòkò eérú rẹ̀ lọ, ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

“Ìléwọ́ ni. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ fún mi,” ni Delmas wí.

“Gígùn ló sọ fún èmi,” ni pásítọ̀ wí. “Ó tiẹ̀ búra.”

“Pásítọ̀, ó búra fún èmi náà.”

“Kúkúrú ló sọ fún mi,” ni Ivalee wí. “Ìlérí kan ṣoṣo ló gbà lọ́wọ́ mi, mi ò sì fẹ́ ṣì í ṣe.” Ó wo àwọn ìbọn náà títí, ó wá nawọ́ sí gígùn, nítorí ti ọ̀pá.

Delmas ń ki ìbọn, ó ṣì ń bá pásítọ̀ jiyàn. Ó da eérú sí i, ó fi àkísà dí i, ó gbé e sókè, ó yìn ín. Ó dún “pá” bí ẹni fi èékánná ta tábìlì. Odò ń ṣàn lọ. Delmas wo ìwo ètù tó so mọ́ ìbàdí: ìdérí rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ gbọn-in.

Pásítọ̀ rọra bọ́ bọ́ọ̀lù onígi kúrò lọ́rùn ìkòkò eérú Thurlow, ó fi kọ́ Delmas lọ́rùn. Nígbà náà ni ẹ̀rín bú jáde, tó fi di ẹkún lójú àwọn kan.

“Ká tú u jáde, ká tún un kì?” ni Delmas béèrè.

“Má tú u.” Ivalee nu ojú rẹ̀. “Ogójì ọdún ni mo fi dúró kó yan ọ̀kan. Ó ti yàn.”

Ìdíje tó kàn di Sátidé kejì nínú oṣù kẹwàá, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ìbọn gígùn yóò wà lára ògiri nílé. Ivalee ti forúkọ sílẹ̀ láti yìnbọn fún ìgbà àkọ́kọ́, pẹ̀lú ọ̀kan nínú méjì tó kù. Delmas ti bi í lẹ́ẹ̀mejì pé èwo ni. Ivalee ní kí ó jẹ́ kí òun rò ó ná.