Ewúrẹ́ Tí Mo Wá Dé Bárékè

Òórùn láfún tí wọ́n sá sí etí títì ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ tí a lọ wo rédà. Ẹni tó bá dàgbà sí Igbó-Ọrà mọ òórùn yẹn: á kọ́kọ́ gún èèyàn nímú, tó bá pẹ́ díẹ̀, ebi á bẹ̀rẹ̀ sí í pani. Láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn, ariwo ló máa ń tẹ̀ lé òórùn náà, nítorí ewúrẹ́ Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á ti ki ẹnu bọ láfún onílé. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ajẹláfún, bí a ṣe ń pe ewúrẹ́ náà, ti sọnù láti ìjẹta.

Ẹ má wò ó bí ewúrẹ́ lásán o. Oyún ti wọ̀ ọ́ lára, ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀, èmi ni mo sì ń já ewé fún un. Màmá Àgbà ti ṣèlérí pé tó bá bí abo, èmi ni mo ni ín. Mo ti sọ abo náà lórúkọ. Nínú ọkàn mi, òun náà ti dàgbà, ó ti bímọ, mo ti ta àwọn ọmọ rẹ̀, mo ti fowó wọn ra bàtà, mo sì ti wọ bàtà náà lọ sí yídì. Ewúrẹ́ tí kò tíì délé ayé!

Tíṣà wa ló dá ọ̀rọ̀ rédà sílẹ̀. Ó ní àwọn ṣọ́jà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan nínú bárékè wọn, níbi tí wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ sí, pé ọ̀kan wà nínú wọn tí wọ́n ń pè ní rédà, tó ń rí ohun tí ojú èèyàn ò lè rí, bó ti wù kó jìnnà tó. Ó ní bàálù ọ̀tá ò ní tíì dé tí ẹ̀rọ náà á ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. Gbogbo kíláàsì ń ronú bàálù, èmi ń ronú Ajẹláfún.

Ká ní mo panu mọ́ ni! Àmọ́ ẹnu tí Ọlọ́run fún mi nígbà náà ò nílẹ̀kùn. Mo délé, mo ní kí gbogbo agboolé fọkàn balẹ̀, pé àwọn ṣọ́jà á bá mi wo ibi tí ewúrẹ́ wà. Màmá Àgbà ní, "Rísíkátù, ẹnu ẹ yìí á kó bá ẹ lọ́jọ́ kan." Ó wá fi kún un pé, "Ṣé o rántí pé etí ọ̀tún ni mo gé lámì?" Bó ṣe di iṣẹ́ tí gbogbo ilé ń rán mi nìyẹn. Bàbá Súlè ní kí n bá òun wo àdá òun tó sọnù sóko. Ìyàwó rẹ̀ ní kí n bá òun wo ibi tí Bàbá Súlè máa ń yà sí tó bá ń toko bọ̀. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, èmi ò mọ̀, mò ń kó gbogbo rẹ̀ sórí bí ẹni tọ́ba rán níṣẹ́.

Ìyá Mùtíù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa. Mùtíù, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti bá àwọn kan lọ ṣiṣẹ́ ní Kútọnu, a ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Fóònù ò tíì wà lọ́wọ́ tolórí tẹlẹ́mù nígbà yẹn. Ìyá náà wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rọra ní, "Rísí mi, tẹ́ ẹ bá ti rí ewúrẹ́ tán, tí wọn ò bá tíì lé yín jáde, jọ̀ọ́, ní kí wọ́n bá mi wo Mùtíù." Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu mà, a máa rí i." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dáhùn, fàlàlà, bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ mú ìgbálẹ̀ wá.

A dé bárékè. Irin gbàgìdì kan ni rédà ọ̀hún, ó rí bí agbada tí wọ́n fi ń yan gààrí. Ó ti dógùn-ún létí, alángbá kan sì jókòó sáàárín rẹ̀, ó ń mi orí. Ṣọ́jà àgbàlagbà kan ló ń mú wa kiri. Ó ní ẹ̀rọ náà ń pè ni, pé á rán ohùn kan tí etí ò lè gbọ́ jáde, á wá dúró, bí ohùn náà bá kan nǹkan tó sì padà wá, ìgbà yẹn ló tó mọ̀ pé nǹkan wà lọ́hùn-ún. Ó ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè nàwọ́.

Ta ló nàwọ́? "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa wo Igbó-Ọrà. Ewúrẹ́ Màmá Àgbà ni. Wọ́n gé e létí ọ̀tún."

Ẹ̀rín sọ. Tíṣà fọwọ́ bojú. Ṣọ́jà náà rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ẹ̀rọ náà ti kú tipẹ́, pé nígbà tó wà láyé pàápàá, irin tó ń fò lókè ló ń wá. Ẹlòmíràn á ti jókòó. Èmi ní, "Tá a bá so páànù mọ́ ọn lẹ́yìn ńkọ́ sà?" Ó ní, "Páànù ò lè mú ewúrẹ́ fò, ọmọ mi." Ojú tì mí débi pé ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Ìyá Mùtíù ṣì wà lọ́rùn mi. Mo ní, "Mùtíù ńkọ́ sà? Ọmọ Ìyá Mùtíù ni. Ó wà ní Kútọnu, wọn ò gbúròó ẹ̀ mọ́." Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wò mí, ó ní ìyẹn kọjá agbára àwọn.

Wọ́n ń ké "mẹ̀ẹ́" sí mi nínú bọ́ọ̀sì títí a fi délé. Ta ni mo sì bá lẹ́yìnkùlé? Ajẹláfún ni, ó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́, ọmọ méjì ń fà á lọ́mú. Akọ ni méjèèjì. Màmá Àgbà wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Àwọn ṣọ́jà mà gbìyànjú o!" Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Rédà ní agboolé wa, ẹlòmíràn ò tiẹ̀ mọ Rísíkátù mọ́.

Ìyá Mùtíù ò gbọ́ yẹ̀yẹ́ yẹn. Ohun tó rí ni pé mo lọ wá ewúrẹ́, ewúrẹ́ sì dé. Ó sáré wá bá mi. "Wọ́n ti rí ewúrẹ́. Mùtíù ńkọ́?" Mo ní, "Wọ́n ní ẹ̀rọ yẹn ń pè ni, á wá dúró kí nǹkan dáhùn. Kò tíì dáhùn mà." Ó mi orí. Ó ní, "Èmi náà ń pè é." Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó kíyè sí i pé ó máa ń lọ dúró lẹ́yìnkùlé, á wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń bọ̀, á wá pe orúkọ ọmọ rẹ̀, kò ní pariwo, á sì dúró. Ó dùn mí wọra. Ìyá náà kú, Mùtíù ò dé.

Èmi náà ti dìyá báyìí, Èrúwà ni mo ń gbé. Àrèmú, ọmọ mi, wà lókè òkun, fóònù sì wà lọ́wọ́ mi tó lè fi ojú rẹ̀ hàn mí láti ọ̀hún. Tí mo bá pè é, kì í sáábà gbé e. Tó bá gbé e, á ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, mo wà níbi iṣẹ́." Èmi ọmọ tó ṣèlérí fàlàlà pé a máa rí Mùtíù, mi ò mọ ohun tí mò ń sọ rárá.

Nírọ̀lẹ́ àná, mo pè é títí, kò gbé e. Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo jáde sẹ́yìnkùlé, mo wẹ̀yìn, kò séèyàn, mo pe orúkọ rẹ̀, mo sì dúró. Ewúrẹ́ aládùúgbò wa ló dá mi lóhùn.