Ìsọmọlórúkọ Àwọn Ọmọ Epìyà

Ọkọ mi kì í ṣe wèrè. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn. Gilbert lorúkọ tí wọ́n fi ṣèrìbọmi fún un, Bàbá Ìbítáyọ̀ lèmi ń pè é, iṣẹ́ gíláàsì fèrèsé ló sì ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Lọ́dún 1984, ó kó àwọn gíláàsì tó ṣẹ́kù jọ, ó fi pọ́tì lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó di àpótí. Mo rò pé ó fẹ́ ká máa kó àwo oúnjẹ sí i ni, mo ti ń dúpẹ́.

Lọ́jọ́ kejì ló ti Ayépé dé, korobá wà lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, epìyà méjì láàyè sì wà nínú korobá, akọ kan, abo kan. Odò ló ti fi agbọ̀n gbọ́n wọn. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá Ìbítáyọ̀, ẹ jẹ́ n gbé ìkòkò kaná." Ó wò mí bí ẹni pé Ìbítáyọ̀ ni mo fẹ́ sè. Ó da iyanrìn àti omi sínú àpótí, ó kó ẹja sí i, ó gbé e sí pálọ̀ wa, ó jókòó tì í. Inú rẹ̀ dùn débi tó gbàgbé oúnjẹ.

Ta ló wá ń fa omi kànga tí wọ́n fi ń pààrọ̀ omi ẹja lójoojúmọ́? Èmi Mosúnmọ́lá ni. Kí n fa ti ìwẹ̀, kí n fa ti ọbẹ̀, kí n tún fa ti ẹja tí mi ò ní jẹ. Ó ń bí mi nínú, mi ò ní purọ́.

Lóṣù kẹta, ó lọ ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ní Odogbolu. Ọjọ́ Sátidé tó dé, ó wo àpótí báyìí, ló bá fò sókè. Abo ẹja di ẹnu pa, ọ̀fun rẹ̀ wú, kò sì fẹnu kan ekòló tá a jù sí i. Nígbà tó la ẹnu díẹ̀, ọkọ mi rí ẹyin wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀. Ó ní, "Ó ti bímọ. Ẹnu ló kó wọn sí."

Ó lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń kéde. Kò tán síbẹ̀. Ó ní ọmọ tá a bá bí, ọjọ́ kẹjọ là ń sọ ọ́ lórúkọ, kí gbogbo ayálégbé wá sí pálọ̀ wa ní Sátidé tó ń bọ̀. Wàhábì awakọ̀, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Gilbert, bá ò bá wá rọ́mọ ńkọ́?" Inú bí ọkọ mi. Ó ní, "Bẹ́ ẹ ò bá rọ́mọ lọ́jọ́ náà, kí Ìyá Ìbítáyọ̀ fi ẹja náà se ìkókòrè." Èmi ni mo ṣe àmín sókè jù.

Sátidé dé, ẹ wá wo ìran. Èèyàn mọ́kànlá ló wá, wọ́n mú ọṣẹ àti páúdà ọmọ dání. Mo din àkàrà, a pín mínírà. Gbogbo wọn fi imú lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹja sá lọ sí igun, ó pa ẹnu dé pinpin. Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́. Ó kọrin fún un. Ó ní kó má dójú ti òun níwájú àlejò. A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Ṣùgbọ́n nígbà tó di aago méjì, ẹ̀rín ti tán lójú tirẹ̀. Àwọn èèyàn jẹ àkàrà tán, wọ́n lọ. Wàhábì mú ọṣẹ rẹ̀ padà.

Ọkọ mi kì í yẹ àdéhùn. Ó na asẹ́ sí mi, kò wojú mi, ó ní, "Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà." Ewùrà ti wà ní rírin nílẹ̀, epo náà ti wà.

Mo rọra wọ pálọ̀. Ibẹ̀ dákẹ́. Bí mo ṣe fẹ́ ki asẹ́ bọ omi ni mo rí ojú. Ojú nìkan, dúdú, wẹ́wẹ́, wọ́n pọ̀ ju ogún lọ, wọ́n ń yí orí ìyá wọn ká. Òjìji ọwọ́ mi bọ́ sórí omi. Ìyá la ẹnu gbàgà, gbogbo wọn rọ́ wọlé wùrùwùrù, ó sì pa á dé. Ló bá kọjú sí mi, ó ti rù kan eegun, ẹni tí kò jẹun láti bí ọjọ́ mélòó. Èmi tí mo bí mẹ́ta, èmi làwọn ọmọ ń sá fún. Ojú tì mí gan-an.

Mo gbé asẹ́ sílẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mi ò mira. Nígbà tó ṣe, wọ́n tún ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà yẹn ni mo rọra pe ọkọ mi. Ó rò pé iyọ̀ ni mo fẹ́ bèèrè. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó rí wọn, ó bú sẹ́kún, ó tún ń rẹ́rìn-ín, ó ń pariwo pé, "Kí la ó sọ wọ́n? Kí la ó sọ wọ́n?"

Mo ní kó panu mọ́ kó jókòó, ṣé kò rí i pé àwọn ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ni?